Mo Kàn Tọ́ Ọ Wò Ni

"Ṣé iyọ̀ ẹ̀ ti tó?" ni ìyá rẹ̀ bi í. Ọwọ́ ìyá méjèèjì ṣì wà nínú ọpọ́n.

Ọmọbìnrin náà já díẹ̀ lára ìyẹ̀fun pípò, ó jù ú sẹ́nu, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó sì tu ú dànù. "Ó kù díẹ̀, Mọ́mì. Ẹ fi ṣíbí kékeré kan sí i."

Láti ọmọ ọdún méje ni iṣẹ́ yìí ti jẹ́ tirẹ̀. Wọn kì í wọn iyọ̀ nílé búrẹ́dì ìyá rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ni òṣùwọ̀n wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Ahọ́n-kì-í-purọ́.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìfun rẹ̀ wò nítorí inú rírun tó ti sọ ọ́ di igi ìṣáná. Dókítà ní èròjà kan wà nínú àlìkámà, òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun máa fà bíi rọ́bà, ìfun ọmọ yìí kò sì gbà á. Búrẹ́dì, bisikíìtì, kéèkì, makaróní, gbogbo rẹ̀ di èèwọ̀.

"Ọmọ oníbúrẹ́dì ni kò ní jẹ búrẹ́dì mọ́?" ni ìyá àgbà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀."

Ta ni yóò la ìyá àgbà lọ́yẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà kò yé ọmọ fúnra rẹ̀. Ọbẹ tí wọ́n fi gé búrẹ́dì, ṣé wọ́n lè fi gé ọ̀dùnkún tirẹ̀? Ọbẹ̀ tí wọ́n bu ìyẹ̀fun sí kó lè ki ńkọ́? Ó kọ gbogbo ìbéèrè rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ń bá dókítà ṣiṣẹ́ ní, "Ṣé kò sí ìbéèrè?" ojú tì í, ó sì mi orí.

Ti ìyẹ̀fun tó ń tọ́ wò, kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò kúkú gbé e mì. Àti pé bí òun kò bá tọ́ iyọ̀ wò mọ́, kí ni yóò kù tó jẹ́ ti òun nínú ilé yẹn?

Ó ń jẹ ìrẹsì, ẹyin àti ẹja. Inú rọ̀ ọ́ díẹ̀, inú rírun náà tún bẹ̀rẹ̀.

"Kí lò ń jẹ níta?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Mi ò jẹ nǹkan kan, Mọ́mì."

Ní ọjọ́ ìdánwò ìṣirò, inú lọ́ ọ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sáré jáde. Nígbà tó fi padà lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ti gba ìwé. Nínú ìbéèrè márùn-ún, méjì péré ló dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mú un padà lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì ní kó ka gbogbo ohun tó kan ẹnu rẹ̀ lánàá àti lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀.

"Ìrẹsì. Ẹyin. Ọsàn." Ó wo ojú ìyá rẹ̀. "Àti ìyẹ̀fun pípò. Ṣùgbọ́n mo kàn tọ́ ọ wò ni, mà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò kalẹ̀. "Èérún lásán tó láti dá inú rírun náà padà, ọmọ mi."

Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí. "Èmi fúnra mi ni mo ń bi í pé ṣé ó ti tó! Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀rù ń bà mí pé mi ò ní wúlò mọ́."

"Ṣé òṣùwọ̀n iyọ̀ ni mo bí ni, àbí ọmọ?" Ẹ̀rín àti ẹkún jọ bọ́ lójú ìyá.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá ra òṣùwọ̀n. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe níyọ̀ jù, àwọn òṣìṣẹ́ sì fi ìyá ṣẹ̀fẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ náà kò wọlé ìyẹ̀fun mọ́. Ó ní ìkòkò tirẹ̀ àti ọbẹ tí wọ́n so òwú pupa mọ́. Ìdánwò ìṣirò di ọdún tó ń bọ̀. Kò sí ẹkún tó lè dá a padà.

Èyí tí kò yé e ṣì pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì tún ní, "Ṣé kò sí ìbéèrè?" ó ṣí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀.

"Mẹ́tàdínlógún ni, mà."

Nọ́ọ̀sì fa àga mọ́ra. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí ojú ń tì láti bèèrè ni ọ̀nà ń kó lọ́kàn sókè.