Ọgọ́ta Wáàtì Tí A Ò Mọ Ẹni Tó Ń Jẹ Ẹ́

Ẹ má wulẹ̀ jiyàn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó gun ọ̀kadà lọ sí Akínyẹlé, kó béèrè ilé Tíṣà Ọládòṣù, kó fi ojú ara rẹ̀ wo ínfátà rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ iná sólà di iná ilé.

Tíṣà ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìntì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé sólà sórí òrùlé rẹ̀ ló ti ń kọ́ àdúgbò lẹ́kọ̀ọ́ tipátipá.

"Wáàtì ló ń sọ bí nǹkan ṣe ń jẹ iná sí! Gílóòbù yìí, mẹ́sàn-án péré. Fáànù, ọgọ́ta. Áyọ́ọ̀nù, ẹgbẹ̀rún kan! Ọ̀jẹun burúkú. Kò gbọdọ̀ wọ ilé mi."

Ẹni tó wá tọrọ iyọ̀ lásán á gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán kó tó rí iyọ̀ gbà.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Olúfúnmi ìyàwó rẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà. Abẹ́rẹ́ tó ń gbà gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, tíráńsífọ́mà àdúgbò sì ti jó tipẹ́. Nítorí fíríìjì kékeré yẹn ló ṣe ra sólà. Bí bátìrì bá kú kí ilẹ̀ tó mọ́, oògùn bàjẹ́ nìyẹn.

Ní ọ̀sán kan, ooru mú débi pé àwọn adìyẹ ò dún. Tíṣà rí i pé bátìrì ń lọ sílẹ̀, pẹ̀lú bí oòrùn ṣe ń ràn tó. Ó pa gbogbo nǹkan. Ó yọ fíríìjì pàápàá kúrò lórí iná. Ó yẹ kí ojú ínfátà, níbi tó ń kọ iye wáàtì sí, fi òdo hàn.

Ọgọ́ta ló wà níbẹ̀.

"Wọ́n ti fa wáyà sára tèmi!" ló fi igbe ta. Ó tọ ògiri yí ilé ká bí ajá ọlọ́pàá. Kò rí wáyà kankan. Ló bá pe Najeem, oníṣẹ́ iná tó so sólà náà.

Najeem dé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Bàbá, fóònù yín ńkọ́? Kò sí lórí iná?"

"Fóònù wo ló ń jẹ ọgọ́ta? Èmi lo fẹ́ kọ́?"

Najeem tú wáyà tó ti ara ínfátà wọ inú ilé. Kò sóhun tó so mọ́ ọn mọ́. Ọgọ́ta ṣì ni. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Najeem.

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ ọ. Fù. Fù. Fù. Láti inú yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó àgbàdo sí. Ìró fáànù ni, fáànù ò sì wọ yàrá yẹn rí.

Tíṣà ṣílẹ̀kùn. Àpò àgbàdo. Àga kan. Kò sí nǹkan mìíràn. Àmọ́ atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i lójú, ó yà lọ sápá kan, ó tún rọra padà wá, bíi ti fáànù tó ń yí orí.

"Bàbá, mo ti ń lọ."

"Irinṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Ẹ máa lò ó!"

Olúfúnmi ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kọjú sí yàrá náà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú ooru o. Ẹ jọ̀ọ́, oògùn mi wà nínú fíríìjì."

 Atẹ́gùn náà rọra mi etí ìborùn rẹ̀.

Tíṣà jókòó, ó ronú títí. Ta ni ooru ń mú tó báyìí? Ló bá ṣe ìṣirò. Ó yọ fáànù tirẹ̀ kúrò lórí iná. Ọgọ́ta lọ fún ọgọ́ta. Ó wá ń fi páálí fẹ́ ara ní pálọ̀, ẹni tí wọn ò rí sì ń gbatẹ́gùn ní yàrá ẹ̀yìn. Àdúgbò rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run wọ́n. Ẹ̀kọ́ wáàtì dáwọ́ dúró. Bátìrì ń tó. Oògùn ń tutù.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ títí di àná. Ní ìrọ̀lẹ́, Tíṣà yọ fíríìjì fún ìgbà díẹ̀ kó lè wo iye tí ẹni ọ̀hún ń jẹ.

Ọgọ́fà.

Ó fetí sílẹ̀. Ìró náà ti di méjì, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì. Ó wo yíká ilé. Kò ku ohun tó lè yọ mọ́, àfi fíríìjì.

"Bàbá Múyì," Olúfúnmi pè é láti ilé ìdáná, "mélòó ló wà níbẹ̀ lónìí?"

"Ọgọ́ta," ni Tíṣà wí.

Ó rọra ki wáyà fíríìjì padà sójú iná. Lórí òrùlé, oòrùn ti ń wọ̀.