Táyà Ẹsẹ̀ Lékeléke

Gbòlà! Gbòlà!

Ìbọn dún lẹ́ẹ̀mejì ní Artisan Market, nílùú Enugu. Gíláàsì ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà fọ́ yángá, ó dà sílẹ̀ bí yìnyín.

"Gbogbo yín, ẹ dojú délẹ̀! Ẹni tó bá gbójú sókè, ojú yẹn ló máa fi gba ọta!"

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni, òjò sì ń dà wàà-wàà. Olè mẹ́ta ni, aṣọ bo ojú wọn. Ọ̀kan jókòó sídìí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù wọn, kò pa ẹ́ńjìnnì rárá. Vùùm! Vùùm! Vùùm!

Adélàjà, tí ń ta táyà ní ìsọ̀ kejì, ti nà gbalaja sẹ́yìn òkìtì táyà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, orúnkún sì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ìbọn kì í bi èèyàn léèrè orúnkún.

Nkiru ìyàwó rẹ̀ ni kò dojú délẹ̀. Ẹsẹ̀ olórí olè ló ń wò. Bàtà kánfáàsì funfun báláú ló wà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin náà, nínú òjò yẹn! Orí pákó kan ló ti ń fò bọ́ sórí òmíràn, kí ẹrẹ̀ má bàa kàn án.

"Chineke!" Nkiru figbe ta sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Bímpé, oníbàárà wa ni! Ọmọ tó ra táyà fífẹ̀ nì! Òkìkíọlá!"

Háà! Ẹnu ló ko bá a.

Olórí olè yíjú padà wẹ́rẹ́. "Màmá, ẹ wá ń polówó orúkọ mi lọ́jà? Ó dáa. Ẹ bọ́ sínú ọkọ̀. Ẹni tó pe orúkọ ni yóò bá orúkọ relé."

Wọ́n gbé obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún jù sínú ọkọ̀ bí àpò ìrẹsì. Vùùùùm! Táyà mẹ́rin bẹ omi ẹrẹ̀ sókè, ọkọ̀ ti jáde lọ́jà!

"Nkiru! Nkiru o!"

Adélàjà sáré tẹ̀ lé wọn títí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Níbo ni ẹsẹ̀ èèyàn ti lé ọkọ̀ bá rí? Ó dúró sójú òjò, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ohun kan sì ń jó o nínú ju iná lọ.

Òun gan-an ló fi táyà sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ.

Ní ìsọ̀ Adélàjà, ẹnikẹ́ni kì í ra táyà láìdáhùn ìbéèrè kan. Kì í ṣe pé èló lo mú wá o. "Níbo lò ń lọ?" Ìbéèrè náà nìyẹn. Bí o bá ní orí ọ̀dà lo máa ń wà lówùúrọ̀, tó o máa ń wọ oko lọ́sàn-án, tó o sì ń la ẹrẹ̀ kọjá nígbà òjò, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò gbé wá fún ọ, èyí tí wọ́n kọ 205 sí lára. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ a máa gé ẹrẹ̀ bí ọ̀bẹ, a wá ilẹ̀ líle lọ sísàlẹ̀. Èyí tó fẹ̀, 285, dára lórí yanrìn, ó sì wuyì lójú. Ṣùgbọ́n gbé e dé orí ẹrẹ̀ pupa Amechi lẹ́yìn ìlú, ńṣe ni yóò máa léfòó bí ọkọ̀ ojú omi tí kò ní àjẹ̀.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò Amechi gbọ́ràn, wọ́n ra tẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo ọjà fi wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo píkọ́ọ̀pù ẹlẹ́sẹ̀ lékeléke!"

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú ìdigunjalè yìí ni Òkìkíọlá wá. Kò tíì débi ìsọ̀ tó ti ń kígbe: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Òjò yìí ò mà jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀, ẹ forí jì mí."

Yorùbá! Ní Artisan! Ọ̀yọ́ ni baba Adélàjà ti wá ṣe akọ̀wé rélùwéè, Enugu ló sì kú sí. Èdè yẹn ti ń kú lọ lẹ́nu àwọn ọmọ Adélàjà náà. Bó bá sọ ọ́ sí wọn, Òyìnbó ni wọ́n ń fi dá a lóhùn. Ọjọ́ wo ló ti gbọ́ "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" kẹ́yìn? Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Ọmọ náà ní kí wọ́n tẹ́ pákó fún òun kí òun tó sọ̀ kalẹ̀. "Èèwọ̀ mi ni, Bàbá. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi kì í kan ẹrẹ̀."

"Ṣé ẹsẹ̀ ọba ni?" Nkiru bú sẹ́rìn-ín.

Òkìkíọlá nawọ́ sí táyà tó fẹ̀ jù. Adélàjà ti ń gbé e kalẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ tọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bàbá Bímpé, o ò tíì bi í léèrè."

"Fi í sílẹ̀," ni Adélàjà wí. "Ọmọ ilé ni."

Ọmọ ilé! Ọmọ ilé náà rèé!

Fììììì! Bíréèkì ké lẹ́yìn Adélàjà níbi tó dúró sí nínú òjò. Ugochukwu ni, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ Amechi, òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì tó gbé ìbọn sẹ́yìn ọkọ̀.

"Papa, enter! Which side dem pass?"

"Agbani Road! Ìyàwó mi wà lọ́wọ́ wọn! Dem carry my wife!"

"Hold body!"

Gbrrrrr! Wọ́n já sí títì. Omi ti bo ọ̀dà mọ́lẹ̀, àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Lọ́ọ̀ọ́kán níwájú, wọ́n rí iná ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù àwọn olè. Ó dé kọ́nà, táyà fífẹ̀ gun orí omi, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ mọ́lẹ̀! Ìdí rẹ̀ lu òpó iná, gbàà! Ó tún gbéra.

Ọmọ iṣẹ́ kan gbé ìbọn sókè.

"Má yìn ín!" Adélàjà fi ara bo ẹnu ìbọn náà. "Bí o bá yìn ín, èmi ni kó o kọ́kọ́ yìn ín lù! Nkiru wà nínú ẹ̀!"

Tà-tà-tà-tà! Àwọn olè ò ní irú àánú yẹn. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ la wẹ́wẹ́, Ugochukwu sì ya ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó fi máa padà sójú ọ̀nà, iná ẹ̀yìn àwọn olè ti pòórá.

Wọ́n dé oríta kan lẹ́bàá Amechi. Ọ̀dà lọ sápá ọ̀tún, ọ̀nà oko lọ sápá òsì.

"Dem go follow tar," ni Ugochukwu wí. "Who go enter that kain mud?"

Adélàjà ti bọ́ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó tan iná fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Ipa táyà fẹ̀ bí ẹní, òjò ò sì tíì pa á rẹ́. Apá òsì ló yà sí.

Kí ló dé? Ta ló ń fi ọ̀dà sílẹ̀ wọ ẹrẹ̀ nígbà òjò, bí kò ṣe ẹni tí wọ́n purọ́ fún pé ọlọ́pàá dí ọ̀nà ọ̀dà?

Obìnrin tó ti bá a ta táyà fún ọdún mẹ́rìndínlógójì! Ìbọn wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń júwe ọ̀nà fún wọn!

"Nkiru ni!" ó ké. "Na my wife dey carry dem enter mud! Ya sósì! Sáré!"

Ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò kékeré kan, níbi tí àgbàrá ti kó yanrìn jọ bí òkìtì gàrí. Ipa táyà fífẹ̀ gba orí yanrìn náà kọjá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni rìn lórí tìmùtìmù.

Ọkọ̀ tàwọn ẹ̀ṣọ́ dé ibẹ̀. Gbì! Ó rì.

Fììììì! Táyà ń yí lójú kan, yanrìn ń fò, ọkọ̀ ń wọlẹ̀ sí i.

"Papa!" Ugochukwu lu ọwọ́ mọ́ ìdarí ọkọ̀. "Your lékeléke leg don kill us!"

Òótọ́ ni. Yanrìn kì í ṣe ilé táyà tẹ́ẹ́rẹ́. Adélàjà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó tà á. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ń lọ, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ti Nkiru. Olúwa, má jẹ́ kí èyí jẹ́ àṣìṣe mi kejì.

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ jáde, ó fò lulẹ̀, ó fi imú kọ́kọ́rọ́ tẹ ihò afẹ́fẹ́ táyà àkọ́kọ́.

Sìììììì!

"Wetin you dey do? You wan flat am?"

"Mi ò ní pa á! Mo fẹ́ kó tẹ́ díẹ̀ ni! Make e lie down small! Bí afẹ́fẹ́ bá dín, ẹsẹ̀ lékeléke á di ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ!"

Sìììììì! Ó di méjì. Sìììììì! Ó di mẹ́ta. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sínú yanrìn nígbà tó dé ìkẹrin. Ó ń fọwọ́ wá a, ó ń sunkún, ó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó rí i! Sìììììì!

"Ó yá! Rọra! Softly o! Má tẹ iná rẹ̀ gidi!"

Ọkọ̀ mì. Ó sún ìgbésẹ̀ kan. Ó sún méjì. Gbrrr… gbrrr… gbrrrrrr! Ó gòkè!

Wọ́n la odò kọjá, wọ́n já sínú oko ẹ̀gẹ́. Ẹrẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó sì jìn dé ojúgun. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú rẹ̀ lọ, ó kan ilẹ̀ olókùúta nísàlẹ̀, ó dì í mú ṣinṣin.

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ níwájú. Vùùùùm! Fìììì! Vùùùùm! Fìììì!

Igbe ọkọ̀ tó há ni!

Píkọ́ọ̀pù àwọn olè ti dábùú ọ̀nà. Ẹrẹ̀ ti dí gbogbo ihò ara táyà fífẹ̀ wọn, ó ń dán bí orí apárí, ó kàn ń yí lófo. Awakọ̀ wọn, tí wọ́n ń pè ní Ebube, rí iná ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́, ló bá bẹ́ sínú oko ẹ̀gẹ́. Ọmọ iṣẹ́ kan lé e, ó sì gbá a mú kò tíì rìn jìnnà. Olè kejì ju ìbọn nù, ó káwọ́ sórí.

Ó wá ku Òkìkíọlá. Ó dúró sórí ìgbẹ́sẹ̀lé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó fi ìbọn ti Nkiru lọ́rùn.

Ugochukwu yọ ìbọn tirẹ̀, ó nà án sí orí olè náà, ibi tí ìyàwó Adélàjà ò bò. Ó fà á.

Kẹ́!

Kò dún. Ọmọ iṣẹ́ kejì fa tirẹ̀. Kẹ́! Òun náà kò dún.

Òkìkíọlá rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún un fà! Ayẹta wà lára mi, ìbọn Enugu ò mọ orúkọ mi! Bàbá onítáyà, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yẹn, èmi ni mo máa gbé e lọ. Táyà tiyín ló dára jù, mo ti gbà!"

"Fi obìnrin náà sílẹ̀," Adélàjà bẹ̀bẹ̀. "Gbé ọkọ̀. Gbé èmi náà."

"Màmá ló máa tẹ́ ọ̀nà fún mi. Màmá! Ẹ kó àwọn ẹní rọ́bà inú ọkọ̀ wa yìí, ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ níwájú mi."

Nkiru bẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní kìíní, Òkìkíọlá gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó tẹ́ ìkejì. Ó tẹ́ ìkẹta. Bàtà funfun ń bọ̀, ìbọn ń bọ̀ lẹ́yìn obìnrin. Ó ku ìgbésẹ̀ méjì kó dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́. Adélàjà rí ojú ìyàwó rẹ̀. Kò bá ẹ̀rù níbẹ̀. Ìbínú ọlọ́jà ni, irú èyí tó máa ń wà lójú rẹ̀ bí oníbàárà bá fojú di táyà tó dára.

"Bàbá Bímpé," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "dojú délẹ̀."

Ó di etí ẹní rọ́bà mú, ó fà á yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ olè!

Pọ̀ọ́! Ẹsẹ̀ Òkìkíọlá wọnú ẹrẹ̀. Gbàù! Ìbọn rẹ̀ dún sójú ọ̀run. Ó fa ẹsẹ̀ yọ pẹ̀lú agbára, ẹsẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ di bàtà mú. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó tún gbẹ́sẹ̀ náà sílẹ̀ láìsí bàtà.

Àtẹ́lẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀.

Ó dúró, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ugochukwu tún fa ìbọn.

Gbòlà!

Ó dún! Ọta wọ èjìká olè, ìbọn fò lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ṣubú sẹ́yìn sínú ẹrẹ̀, gbàà!

Kí wọ́n tó so ó lọ́wọ́ tán, Adélàjà ti rá pálá dé ọ̀dọ̀ Nkiru. Àwọn méjèèjì jókòó sínú ẹrẹ̀, wọ́n dì mọ́ra.

"Mo ní ọlọ́pàá wà lórí ọ̀dà," ni Nkiru wí níkẹyìn. "Wọ́n gbà mí gbọ́. Nígbà tá a kọjá yanrìn, tí mi ò gbúròó yín mọ́, mo ní ó tán."

"Bàbá…" Òkìkíọlá ni, láti orí ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ilé ni mo jẹ́."

Èdè náà ṣì dùn létí Adélàjà. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn.

Ó dìde, ó lọ dúró lórí ọmọ náà.

"Níbo lò ń lọ, Òkìkíọlá?"

Ọmọ náà yíjú sí bàtà funfun rẹ̀ tó há sínú ẹrẹ̀. Òjò ń rọ̀ sí i lójú.

Nkiru wá di apá ọkọ rẹ̀ mú. "Ó yá, jẹ́ ká relé. Bí o bá ti bi í bẹ́ẹ̀ níjọ́sí, ǹ bá ti dáná oúnjẹ alẹ́ tán."