Kíkẹ́ Ti Ilẹ̀kùn, Ó Kọ Àṣírí Sára Ògiri

Téelọ̀ tó bá mọṣẹ́ kì í wọn èèyàn lásán. Á rí èjìká tó ga ju èkejì lọ, á rí oyún tí ìyá ọkọ ò tíì gbọ́ nípa rẹ̀, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí aṣọ lè bá ara mu. Kíkẹ́ tó ń ránṣọ ní Àgùdà mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Inú áàpù ìṣòwò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń kọ tiẹ̀ sí, áàpù tí òun, àwọn tó ń bá a ránṣọ àti ọlọ́kadà tó ń bá a gbẹ́rù jọ ń lò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí Àǹtí Rosaline wọlé. Tíṣà ni, Ìpọ̀nrí ló ń gbé. Wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ òsì nítorí àrùn jẹjẹrẹ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ọmọ rẹ̀ àti téelọ̀ rẹ̀. Kíkẹ́ ló máa ń rán fóòmù mọ́ inú aṣọ rẹ̀, tí ojú kankan kì í fi í mọ̀.

"Àǹtí mi, ẹ káàbọ̀! Ṣé aṣọ yẹn ti tẹ̀ yín lọ́wọ́?"

Rosaline gbé àpò aṣọ náà sórí tábìlì, ó fọwọ́ lé bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. "Kà á."

Kíkẹ́ kà á: Àǹtí Rosaline Onífóòmù Òsì.

"Ọlọ́kadà rẹ dúró lẹ́nu géètì wa," Rosaline ní, "ó ń pariwo, 'Ta ni wọ́n ń pè ní Onífóòmù Òsì?' Gbogbo ojúlé ló yọjú. Ìyá Jude tó ń gbé lókè mi bi mí pé fóòmù kí ni. Kí ni kí n sọ fún un?"

"Mo gbé! Àmọ́ àṣírí yín wà ní títì o, Àǹtí! Abdulmuiz ló wá tì í fúnra rẹ̀!"

Irọ́ kọ́. Abdulmuiz, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba, ló ti bá a ti àyè tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ara oníbàárà sí nínú áàpù náà. Kíkẹ́ pè é kíá. Rosaline fa àga, ó jókòó, ó fẹ́ mọ ẹni tó tú òun fó.

Kí Abdulmuiz tó dé, Kíkẹ́ ti kọjú sí Ọmọ́táyọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a ránṣọ, tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ìwọ ni! Ọ̀rọ̀ kì í gbé nínú ẹ!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má purọ́ mọ́ mi o. Mi ò tiẹ̀ lè rí i kà."

Abdulmuiz dé, ó ṣí áàpù. "Òótọ́ ló sọ. Ẹ wò ó, àmì ìràwọ̀ nìkan ló ń rí níbẹ̀. Bí olè bá tiẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ lọ, létà jágbajàgba ló máa bá, nítorí ẹ̀rọ ti da ọ̀rọ̀ yẹn rú. Kọ́kọ́rọ́ tó lè tò ó padà, ọwọ́ yín nìkan ló wà. Ṣùgbọ́n a ò ti orúkọ pa. Orúkọ ni ọlọ́kadà fi ń wá ilé, òun náà ni áàpù ń tẹ̀ sórí bébà." Ó tẹ ibì kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹni tó yí orúkọ yìí padà gbẹ̀yìn, ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi kẹ̀?" Kíkẹ́ wá rántí. "Rosaline pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti tẹ 'fóòmù', orúkọ Àǹtí á yọ. Látìgbà tó o ti tì í, mo wá a títí, kò yọ. Ni mo bá fi kún orúkọ, bí mo ṣe ń ṣe lórí fóònù mi."

Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe ni, ká má tan ara wa. Ta ni kò ní "Ìyá Ìbejì Alágbo" tàbí "Níyì Tó Ń Tiro" lórí fóònù rẹ̀?

"Ohun tá a bá tì báyẹn, áàpù fúnra rẹ̀ ò lè kà á, kò sì lè bá yín wá a," Abdulmuiz ní. "Ó yẹ kí n ti sọ fún yín. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa fi wá wọn."

Kíkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. A máa pa orúkọ yẹn rẹ́ nísinsìnyí."

"Pa gbogbo tèmi rẹ́, títí kan ìwọ̀n mi." Omi ti lé sí Rosaline lójú. "Èyí tó ti wọ Ìyá Jude létí ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ wo lo máa fi ti ìyẹn?"

Abdulmuiz pa gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́ lójú rẹ̀. Rosaline gbé aṣọ rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin tó ń ta oògùn, ẹ̀yin tó ń fi ilé háyà, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó ọ̀rọ̀ oníbàárà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín ti àyè tí àìsàn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ara èèyàn wà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá kàn án nìkan ni kó mú kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, nítorí bó bá sọnù, ẹ̀yin gan-an ò ní lè ka nǹkan yín mọ́. Ẹ béèrè ohun tí títì náà máa dí yín lọ́wọ́ láti ṣe, kẹ́ ẹ má baà wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà. Lẹ́yìn náà, kí ẹrù tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ka orúkọ tẹ́ ẹ kọ sí i lára sókè. Èyí tẹ́ ẹ ò bá lè pè lẹ́nu géètì oníbàárà, lójú àwọn ará ilé rẹ̀, ẹ yọ ọ́.