Ọ̀wẹ̀ Àna Nínú Balùwẹ̀

Funfun ni ọmọbìnrin náà láti irun dé bàtà, ó sì ń sín. Àpò sìmẹ́ǹtì funfun tó gbé lé ẹsẹ̀ ló bẹ́ nígbà tí táksí tó ń ti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà kó sí kòtò. Ìyókù dà sórí ṣòkòtò dúdú ọkùnrin tó jókòó tì í.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n." Ó ń gbọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń fi kún un.

"Fi sílẹ̀. Tíṣà ni mí. Wọ́n á rò pé ṣọ́ọ̀kì ni."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì wọ Oyèbọ̀dé, tíṣà náà, lára ju sìmẹ́ǹtì lọ.

Mọ́júbọ́lá ni orúkọ rẹ̀, aránṣọ ni ní Ọ̀kà. Ó ní balùwẹ̀ ilé àwọn ni òun ra sìmẹ́ǹtì náà fún. "Èyí tó wà láàárín táìlì ti jẹ dànù. Ibi tí kò jẹ náà ti dúdú, ó bu bíi búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé sínú ọ̀rá."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Oyèbọ̀dé gbé ṣòkòtò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kó bá òun gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé òmíràn wá. Nígbà tí ó gbé ẹ̀kẹta dé, Mọ́júbọ́lá gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀.

"Tíṣà, ṣé níkà lẹ fẹ́ máa wọ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ ni?"

"Bó bá jẹ́ ìwọ lo gé e, màá wọ̀ ọ́."

"Ẹ sọ ohun tó ń gbé yín wá."

Ó sọ ọ́. Lọ́jọ́ náà, Mọ́júbọ́lá sìn ín dé ibi tó ti wọ mọ́tò, ó sì dúró títí mọ́tò náà fi yí sẹ́yìn àpáta.

Bàbá rẹ̀ ló le. Àgbẹ̀ ni Bàbá Ọlábímtán kí eékún tó dá a dúró sílé. Nígbà èwe rẹ̀, ó kọ ebè fún bàbá ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ibà lára, kò sì gbàgbé. Ẹni tí yóò fẹ́ ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀wẹ̀ àna bí òun ti ṣe é. Àjíṣafẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ló kọ́kọ́ yọjú. Kò wá fúnra rẹ̀. Lébìrà ló rán wá ṣiṣẹ́ náà.

"Ìwọ náà wá ní Sátidé," ni bàbá wí fún Oyèbọ̀dé nígbà tí Mọ́júbọ́lá mú un wálé. "Bí iṣẹ́ rẹ kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, mo máa ní kí àwọn ará ilé Àjíṣafẹ́ máa bọ̀. Òun kúkú rí jájẹ."

Oyèbọ̀dé kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ní Ìkàrẹ́. Wọ́n gbé ọkọ́ àti àdá, wọ́n wọ aṣọ oko, wọ́n kọrin wọ àgbàlá. Bàbá wò wọ́n, ó na ọ̀pá sí ilẹ̀kùn balùwẹ̀.

"Oko mi rèé. Èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀, wọ́n ti kọ́ ilé sí i."

Balùwẹ̀ náà kò gbà ju ẹnì kan lọ. Níyì, ọ̀rẹ́ Oyèbọ̀dé, yọjú wò ó. "Ọkọ ìyàwó, ṣé ká kọ ebè sábẹ́ ṣáwà ni?"

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ojú ti Oyèbọ̀dé, ṣùgbọ́n ó wo ògiri náà dáadáa. Ó rin gbingbin, dúdú sì bo gbogbo ìlà táìlì, títí kan ibi tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì funfun dí. Igbó ti dí fèrèsé, atẹ́gùn kò wọlé.

"Ẹ ṣán ẹ̀yìn fèrèsé yìí," ni ó wí fún wọn. "Ẹ wa erùpẹ̀ tó fara ti ògiri kúrò."

Wọ́n bọ́ sí i. Kò pẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ fi wọlé. Mọ́júbọ́lá gbé abọ́ sódà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò wá.

"Ẹ fi omi díẹ̀ pò ó, kó ki. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlà, kó jókòó díẹ̀, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á."

"Ó ti yé mi, ọ̀gá mi."

"Ẹ má rẹ́rìn-ín sí mi. Bàbá ń wò wá."

Ó ha á, ó fi omi ṣàn án. Ibi tí dúdú náà ti takú, ó la bílíìṣì mọ́ omi, ó fi ń kìn ín. Ìgbà náà ni Màmá Eunice, ìyá Mọ́júbọ́lá, ń wúkọ́ bọ̀ pẹ̀lú kéèègì kékeré kan.

"Ọmọ mi, èyí ni ásíìdì tó kù nígbà tí lébìrà Àjíṣafẹ́ fọ balùwẹ̀ yìí. Dà á mọ́ tọwọ́ rẹ kó lè yá."

Oyèbọ̀dé dọ̀bálẹ̀ sínú omi. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò lè dà á. Bí ásíìdì bá pàdé bílíìṣì, èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn."

Bàbá na ọ̀pá sí i. "Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ lo ń kọ ọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó?"

Oyèbọ̀dé mọ ẹni tí òun lè pàdánù, ṣùgbọ́n kò na ọwọ́ gba kéèègì.

"Ẹ kúkú bínú sí mi, sà. Mi ò ní fi ẹ̀mí Màmá wá ojúrere yín."

Màmá gbé kéèègì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Bàbá Mọ́jú, ṣé ẹ rántí èéfín tó lé gbogbo wa jáde lọ́jọ́ tí lébìrà yẹn wá? Ó da méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ náà ni ikọ́ mi bẹ̀rẹ̀."

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé kéèègì náà fúnra rẹ̀, ó tiro jáde pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ń lọ sẹ́yìn òkè Ọ̀kà, ìlà ti mọ́ láàárín táìlì láti òkè dé ilẹ̀. Bàbá wọlé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri, ó wo ọwọ́ náà lójú fèrèsé, ó tún pa ibòmíràn.

"Ìkàrẹ́ kò jìnnà," ni ó wí. "Sọ fún àwọn ará ilé yín kí wọ́n wá tọrọ ọmọ."

Àwọn ọ̀rẹ́ gbé Oyèbọ̀dé sókè bó ṣe tutù yẹn, wọ́n gbé e yí ilé ká.

"Ẹ rọra o," ni Mọ́júbọ́lá ké sí wọn. "Ọkọ mi ni."

Lẹ́yìn ìkórè, lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Màmá Eunice kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò wúkọ́. Nígbà tí pásítọ̀ bèèrè ẹni tó fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, Bàbá Ọlábímtán dìde, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó dúró níta.

"Èmi ni. Mo ti rí ọwọ́ rẹ̀."

Mọ́júbọ́lá sì di ọwọ́ náà mú.