Irin Ìdènà Inú Àpò Pruitt

Apá bàlúù ogun ló tẹ Odell Pruitt pa. Nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbé bàlúù ogun, lábẹ́ pápá tí bàlúù ti ń gbéra, níbi tí wọ́n ti ń tún bàlúù ṣe, ni òkú mẹkáníìkì náà wà, láàárín agbami Pàsífíìkì.

Bàlúù inú ọkọ̀ a máa ká apá sókè bí adìyẹ tó wọ̀ sùn, kí àyè lè gbà wọ́n. Irin ìdènà kan ló ń dá apá dúró. Yọ irin yìí, yí ọwọ́ irin kan níjòókòó awakọ̀, apá á sọ̀kalẹ̀ wọ̀ọ̀.

Renata, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ọkọ̀, ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó tú bọ́tìnnì àpò àyà òkú. Irin náà rèé. Ó yọ ọ́, ó fi í pamọ́, ó dé bọ́tìnnì padà, kò wí fẹ́nì kan.

Hẹlikópítà ti ń dúró láti gbé Dacosta, ọ̀gá mẹkáníìkì, lọ sẹ́wọ̀n. Gbogbo ayé ló gbọ́ bó ṣe ń bú Pruitt láàárọ̀.

“Bàbá, kí ló dá ìjà sílẹ̀?” Renata bi í.

“Kò kúrò lábẹ́ ìrù bàlúù. Mo ní ṣé ó fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó ni.” Ojú rẹ̀ pọ́n. “Màdáámù, mi ò pa ọmọọṣẹ́ mi.”

“Tẹ́ ẹ bá yọ irin ìdènà, ṣé àpò lẹ ń fi sí?”

“Àpò kẹ̀? Mẹkáníìkì kì í fi irin sápò nídìí bàlúù. Bó bá já sẹ́nu ẹ́ńjìnnì, ó parí.”

Ó kan Whitlow, awakọ̀ bàlúù náà. Bíró kún àpò rẹ̀.

“Mo ń sùn ni, màdáámù. Mi ò tiẹ̀ sún mọ́ òkú.”

“Dacosta ní òun ò rí irin ìdènà.”

“Irọ́ ni. Ṣé kì í ṣe inú àpò àyà Pruitt ló wà ni?”

“Mo ti yọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ta ló wá sọ fún yín?”

Whitlow jẹ́wọ́:

“Pruitt ní ìkọ́ ìrù ti sán, pé bí mo ṣe ń já bàlúù lulẹ̀ tí mo bá ń balẹ̀ ló fà á. Wọ́n á gba bàlúù lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Mo yọ irin, mo ní kó bá mi wo abẹ́ apá, mo gòkè, mo yí ọwọ́. Mo wá fi irin sí i lápò, káyé lè ní Pruitt fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́.”

Wọ́n tú Dacosta sílẹ̀. Kò yọ̀. Ó rá wọ abẹ́ ìrù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

“Ìkọ́ tó yẹ kó há mọ́ okùn irin tó ń dá bàlúù dúró nígbà ìbalẹ̀ ti fẹ́ já,” ló wí nígbà tó jáde. “Inú òkun ni ẹni tó bá wà á ì bá parí sí. Ta ló fẹ́ gbé e fò lọ́la?”

Whitlow wo ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀.

“Èmi ni.”