Àwo Orin Tí Mẹ̀dínátù Sá Sóòrùn

Ọjọ́ ọjà Ẹ̀gùá ni mo kọ́kọ́ rí Mẹ̀dínátù, lọ́dún 1986. Ó jókòó ti ọjà bàbá rẹ̀, ẹrù òkìrìkà tó wọlé láti Kùtọnu. Èmi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní pólì Ìlaròó nígbà náà, aṣọ ni mo wá rà. Àárín àwọn ṣẹ́ẹ̀tì ni mo ti fa rẹ́kọ́ọ̀dù kan yọ, ti àwọn ọ̀dọ́ ìlú Ọba tó ń kọ orin tí wọ́n ń pè ní niu wéfù. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀ rí lórí rédíò: gìtá tó ń dún kíkankíkan, ìlù tó gbẹ, olórin tó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ẹ̀?" ló bi mí.

"N ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Mo kàn mọ̀ pé inú ń bí wọn."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ní í fowó ra ìbínú?"

Mo rà á. Kí n sòótọ́, ká ní ó ní kí n ra gbogbo ẹrù orí ẹní yẹn ni, ǹ bá rà á. Ìfẹ́ ọmọ náà ti wọ̀ mí lára.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà Ẹ̀gùá di ọ̀nà oko mi. Mẹ̀dínátù kì í ṣe ọmọ tó máa wá sí yàrá àpọ́n, nítorí náà mo gbé giramafóònù mi, èyí tó ń lo bátìrì, lọ síwájú ilé wọn. Orin àkọ́kọ́ ò tíì dé ìdajì tí bàbá rẹ̀, Alhaji Bàrúwà, fi jáde.

"Ta ló ń jà níbí?"

"Orin ni, Bàbá." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Wọ́n tẹ́tí díẹ̀, wọ́n wọlé. Lẹ́yìn tí mo lọ, wọ́n sọ fún ọmọ wọn pé àwọn ò ní fi í fún mi. "Ẹni tó ń fi ìbínú ṣe fàájì, ọwọ́ ẹ̀ á máa yá sí ìyàwó."

Ọkọ àbúrò wọn obìnrin ti fi lílù fojú onítọ̀hún rí màbo rí, n ò lè dá Alhaji lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.

"Bọ̀ọ̀dá Ráúfù, ẹ ṣe sùúrù," ni Mẹ̀dínátù fi omijé sọ. "Ohun tí Bàbá bá fojú ara wọn rí ni wọ́n máa ń gbà gbọ́."

Nígbà tó yá, ọ́fíìsì rán mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i n'Íbàdàn. Mo fi ẹ̀rọ àti rẹ́kọ́ọ̀dù náà sílẹ̀ fún un. "Bá mi tọ́jú ẹ̀, olólùfẹ́ mi."

Ó sì tọ́jú ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo padà dé, Alhaji jókòó síwájú ilé, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn. Mẹ̀dínátù kúnlẹ̀, ó na rẹ́kọ́ọ̀dù mi sí mi. Etí àwo náà ti ká sókè sódò bí ewé gbígbẹ.

"Ẹ má bínú. Eruku bò ó, mo bá fọ̀ ọ́. Mo wá sá a sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ láfún, kó lè gbẹ."

Ká má purọ́, inú bí mi. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi, irú èyí tó jẹ́ pé tó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Mo gbé e mì. "Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n ń fọ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Bá a ṣe ń fọ wàláà nílé wa nìyẹn. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tọ́jú ohun iyebíye."

Èmi náà lọ ilé kéwú. Mo mọ bí a ṣe ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fọ pákó tí a ń kọ kéwú sí, tí a ó sì gbé e sóòrùn. Bí ọmọ yìí ṣe gbé ariwo mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ibi tí ìbínú náà gbà lọ, n ò mọ̀. Ẹ̀rín ló kù.

"Mẹ̀dí mi, ó kúkú mọ́."

Ó ń rẹ́rìn-ín tẹkúntẹkún. Mo gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà sórí ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ ń fò, olórin ń gbọ̀n bí èrò inú mọ́tò lọ́nà Ìmẹ̀kọ. Mo ń sún abẹ́rẹ́ síwájú títí mo fi dé orin tó gbẹ̀yìn, nítòsí àárín, níbi tí oòrùn ò rí tẹ̀. Orin jẹ́jẹ́ kan ni, èyí tí mo máa ń fò tẹ́lẹ̀ nítorí kò láriwo. Ó dún geere.

Mo nawọ́ láti pa á. Alhaji ní, "Fi sílẹ̀."

A gbọ́ ọ tán. Wọ́n ki tẹ̀sùbáà bọ àpò.

"Ráúfù, torí ife kan tó fọ́ ni wọ́n ṣe na àbúrò mi. Àtìgbà tó o ti dé ni mo ti ń wo ọwọ́ ẹ. Sọ fún bàbá ẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti so yìgì wa. Ní Sátidé tó kọjá, a tún gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà jáde n'Ílaròó. Mẹ̀dínátù fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, oyún rẹ̀ ti ga. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun lè bá mi wá òmíràn tó gún régé. Mo ní kó má ṣèyọnu.

"Ẹ ò wá fẹ́ máa gbọ́ àwọn orin tó kù ni, ọkọ mi?"

"Alihamudulilai," ni mo sọ. "Mo ti gbọ́ èyí tó tó mi."