Ohun Tí Mo Fi Kamẹra Fà

Ọkùnrin yẹn kò gbé ẹsẹ̀. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn ná. Wọ́n ní kí n dákẹ́, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Mi ò ní dákẹ́.

Kamẹra ni mò ń tún ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, mo fi títú u palẹ̀ kọ́ iṣẹ́. Àbúrò mi obìnrin ra kamẹra kékeré kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù. Ó fẹ́ rin ìrìn àjò, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kóun tó gbé e lọ.

Ojú fèrèsé mi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wọ àpò. Kò wúwo. Bátìrì rẹ̀ lágbára. Mo fi ya igun yàrá tó ṣókùnkùn, àwòrán náà mọ́ kedere.

Mo ní, "Òní nìkan ni wọn ò rẹ́ ọ jẹ."

"Ẹnu yín dà bí abẹ, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ fà á ká wò ó jàre."

"Fà á" la máa ń pè é tá a bá tẹ bọ́tìnnì tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ni. Ọkùnrin kan dúró ní ìpẹ̀kun títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi, ó kẹ̀yìn sí wa. Mo fà á. Nígbà tí mo gbé kamẹra kúrò lójú, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà télọ̀, ní ìdajì títì. Mi ò rí i kó rìn. Mo tún fà á. Ó ti dé abẹ́ fèrèsé, ó kọjú sí wa. Oòrùn ń mú ganrínganrín, omi sì ń ro tó-tó-tó lára aṣọ rẹ̀.

Mo tẹ apá kejì bọ́tìnnì, èyí tó ń ti nǹkan padà. Àwòrán padà sẹ́yìn. Ọkùnrin náà ò padà.

Mo gbé kamẹra sórí tábìlì, mo fi fóònù pe ẹni tó tà á.

"Ṣé ẹ fà á ni?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fà á títí. Kamẹra nìkan la bá nílé rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ tutù rinrin."

"O mọ̀, o wá tà á fún àbúrò mi?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo ṣáà sọ fún wọn pé nǹkan tó wà nítòsí ni kí wọ́n máa fi yà."

Nítòsí! Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò! Inú bí mi gan-an. Mo ṣẹ́ èpè fún un. Mo pè é ní apànìyàn, mo pè é ní ẹranko. Bí mo ṣe ń pariwo, mi ò wẹ̀yìn. Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyẹn.

"Bọ̀ọ̀dá," àbúrò mi rọra pè mí. "Mo kàn fẹ́ rí ojú ẹ̀ dáadáa ni. Mo fà á, àmọ́ gbogbo ẹ̀ ti dúdú."

Mo yíjú. Ó dúró lójú fèrèsé, ó gbé kamẹra sójú. Títì ṣófo. Omi ń ro sórí ilẹ̀ yàrá mi.

"Gbé e sílẹ̀!"

Ohùn ọkùnrin ló dá mi lóhùn, jẹ́ẹ́jẹ́, láti iwájú rẹ̀ gan-an, níbi tí mi ò ti rí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Kò tíì yà mí tán."